Ẹni Tí O Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ilé wa lẹ́bàá Ọjà'ba,
Ìbàdàn.

Àlàó ọmọ mi,

Ìkíni á dúró ná. Mo fẹ́ kọ́kọ́ to ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀ sí i. Lẹ́tà tó bá fi "ṣé dáadáa ni o wà" bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́, wàá ká a pọ̀ sápò kí o tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Èkíní: Yésúfù ọmọ Bẹ́yẹrúnkà, ẹni tó já fáfá jù nínú kíláàsì tí o fi sílẹ̀ níhìn-ín, kò tíì wọ inú ilé kankan láti ọjọ́ tí o ti ṣe ìdánwò eré ìbànújẹ́ nì fún wọn. Kò wọ yàrá ìyá rẹ̀. Kò wọ mọ́ṣáláṣí, ìta ló ti ń kírun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn. Gbogbo agboolé wọn ló mọ̀.

Èkejì: àwọn ọmọ ilé ìwé kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú kíláàsì yẹn wọlé mọ́. Kí wọ́n tó gba ìsinmi, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé bí ewúrẹ́ tó ń jí iṣu jẹ. Katikíìsì tó ń bójú tó ilé ìwé náà mọ̀. Ó ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ náà mọ̀, nítorí mo ti rí èsì tí o fún un: "Eré ni ọmọ náà ń ṣe, yóò sú u." Kò tíì sú u.

Ẹ̀kẹta: òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ikọ́ sì ti wọ ọmọ náà láyà. Ìyá rẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn, èyí sì bí mi nínú, nítorí láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnkà kì í ṣe ìrìn àjò.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi èmi, ọmọ náà àti katikíìsì, màá sọ ọ́ nígbà tí mo bá dé ibẹ̀. Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ ti balẹ̀ kí o tó kà á.

Ó yá, mo kí ọ. Àlàó, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn mi kò ro mí, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Wọ́n ní olùkọ́ àgbà ni wọ́n fi ọ́ ṣe l'Ábẹ́òkúta, o sì ní ilé tìrẹ àti ọ̀gbà. Ó dáa. Mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn gígùn kan sí ọ láti ọjọ́ tí o ti wọ rélùwéè, mo kàn ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn Yésúfù ti bá mi wá a.

Jẹ́ kí n sọ ìdánwò náà bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ. Bí mo bá ṣì í sọ, wàá tún un ṣe nígbà tí o bá dé.

Wọ́n ní eré òyìnbó àtijọ́ kan ni. Balógun kan ń ṣọ́ bodè ìlú lásìkò ogun. Ó ti búra níwájú ọba pé bí oòrùn bá ti wọ̀, bodè kò ní ṣí mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹni yòówù kó dé. Ọmọ rẹ̀ tó lọ sójú ogun fi ọgbẹ́ sára padà wálé, ó kan bodè. Bàbá bi í pé, "Ta ni?" Ọmọ dáhùn. Bàbá mọ ohùn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá lè sín ohùn ènìyàn jẹ. Ó dákẹ́. Ọmọ ń kan, bàbá ń dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n ṣí bodè, ọmọ ti kú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára igi ilẹ̀kùn.

Mo bi katikíìsì bóyá ibẹ̀ ni eré náà parí sí. Ó ní rárá o, apá kan ṣì kù, níbi tí ìyá ọmọ náà ti jáde wá sẹ́nu bodè, tó pe òkú ọmọ rẹ̀ lórúkọ, tó sì fèsì sí gbogbo ohun tó ti ń sọ láti òru, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó sin ín. Apá yẹn ni o kò kà fún wọn. O ní àkókò ti lọ.

Mo gbà pé o ní ìdí tí o fi ṣe ìdánwò tìrẹ lọ́nà tí o gbà ṣe é. Ìnísípẹ́tọ̀ ilé ìwé ti wá, ó bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí bàbá kò fi ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń ka ojú ìwé kejì fún un lórí bí ayékòótọ́. Ojú tì ọ́. O ní o fẹ́ mọ ẹni tí eré náà yé, kì í ṣe ẹni tó há a sórí. Èrò gidi ni. Bí ó bá jẹ́ ọjà ni, màá rà á.

O wá ti ilẹ̀kùn iwájú. O rán gbogbo wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ á bi wọ́n láti inú pé, "Ta ni?" Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n kọ́ ni wọ́n máa jẹ́. Ẹnu ọmọ balógun ni wọ́n máa fi sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá yé, o ṣílẹ̀kùn fún un, o ní, "Wọlé, òpè, lọ jókòó." Ẹni tó bá yé dáadáa, o ní wàá dákẹ́ fún un bí balógun ṣe dákẹ́. O ti sọ fún wọn ṣáájú pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ ni máàkì tó ga jù.

Bí àwọn òpè ṣe wọlé tán nìyẹn, tí wọ́n jókòó síbi tó gbóná. Ó wá ku ẹnì kan.

Yésúfù kan ilẹ̀kùn. O bi í. Àwọn tó wà nínú kíláàsì ní irun ara àwọn dìde, pé kò dún bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó ní, "Bàbá, èmi ni. Òtútù ń mú mi. Ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣáà dá mi lóhùn." Katikíìsì ti wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé eré náà láti èèpo dé èèpo. Kò sí níbẹ̀.

O dákẹ́. Wọ́n ní omi lé sí ọ lójú. Agogo dún. Àpótí rẹ ti wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, o gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, àwọn ọmọ tẹ̀lé ọ, ẹ ń ju fìlà sókè. Máàkì tó ga jù lo fún ọmọ yẹn, Àlàó. O kò sì padà sí iwájú láti sọ fún un.

Ìyá rẹ̀ ló wá bá mi ní ìsọ̀ mi l'Óòjé. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta òwú, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ náà kò pariwo. Ó dúró, ó ń wo aṣọ mi bí ẹni fẹ́ rà.

"Ìyá Tíṣà, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ ta ilẹ̀kùn kan fún mi."

Mo ní, "Aṣọ ni mò ń tà, Ìyá Yésúfù."

"Mo mọ̀. Ilé tiwa náà ní ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ni kò gbà pé ilẹ̀kùn ni. Ó ní ti ọmọ yín nìkan ni ilẹ̀kùn."

"Ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Àwa tí a kò kàwé, bí a bá jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ máa ń fi wá sí."

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ kejì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo pa ìsọ̀ mi dé ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, ohun tí n kò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti sin bàbá rẹ, mo tẹ̀lé e.

Ọmọ náà wà lórí ẹní lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó bi mí bí ọjà ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara bí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀yin olùkọ́ bá ń wá wèrè, kì í ṣe òun. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni àwọn adìẹ. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé àárín òun àti ilẹ̀kùn, wọ́n á yà, wọ́n á gba ibòmíràn, bí ẹni yà fún ènìyàn tó dúró síbẹ̀.

Mo ní, "Yésúfù, kí ló dé tí o kò wọlé?"

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn, Mama."

"Ta ni kò dá ọ lóhùn?"

"Ẹni tó bi mí."

Ìyá rẹ̀ ní, "Èmi ń dá ọ lóhùn láti ọjọ́ náà wá! Wọlé! Ṣé ohùn tèmi kì í ṣe ohùn ni?"

Ó bojú wo ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àánú, bí àgbàlagbà tí ń wo ọmọdé. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ bi mí, Ìyá. Bí mo bá wọlé báyìí, ará ìta ló máa bá yín wọlé."

Obìnrin náà fi ìborùn bo ẹnu. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Alfa ti ṣe àdúà, àwọn ti ṣe sàárà, àwọn ọkùnrin agboolé sì ti gbé e tipátipá kọjá ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bí wọ́n ṣe gbé e wọlé ni ara rẹ̀ tutù bí omi àmù, tí kò sì mí dáadáa títí wọ́n fi gbé e padà síta. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó tún dán an wò.

Àlàó, ìwọ kò bá bàbá mi láyé. Oníbodè ni, o mọ ìyẹn. Nígbà tí odi ìlú yìí ṣì dúró, tí ogun ṣì ń lọ, òun ló ń ṣọ́ ọ̀kan nínú àwọn bodè Ìbàdàn, ọmọdébìnrin ni mí, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Òfin wọn kò yàtọ̀ sí ti balógun inú eré rẹ. Bí bodè bá ti tì, ó ti nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan sí i tí òyìnbó tó kọ eré náà kò mọ̀, tàbí tó mọ̀, tó sì fi bí wọn kò ṣe pa á mọ́ kọ eré rẹ̀. Bàbá mi ní, "Má bi ènìyàn pé ta ni bí o kò bá fẹ́ fèsì. Ẹni tó bá ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún ọ, ọwọ́ rẹ ló wà. Bí o kò bá lè ṣílẹ̀kùn, sọ fún un pé, 'Mo gbọ́ ọ. Jókòó tì wá.' Yóò mọ̀ pé òun wà ní ibì kan. Ẹni tí a bi léèrè tí a kò dá lóhùn, kò sí nílé, kò sí lóko, ohun mìíràn sì lè gbọ́ orúkọ tó jẹ́."

Mo ti gbọ́ tí ó ń sọ ọ́ rí. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo di abọ́ oúnjẹ mú, ẹni kan wà níta tí n kò rí, bàbá mi sì fi ẹnu kan ara igi, ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Jókòó tì wá." Ní òwúrọ̀, wọ́n ṣí bodè, oníṣòwò iyọ̀ kan ló wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun sùn bí ọmọ tuntun.

Ọmọ ọmọ oníbodè ni ọ́. Ìwọ lo bi ènìyàn pé ta ni, tí o sì gba ẹ̀yìn lọ.

Ìmọ̀ràn wá ni mo fẹ́ sọ. Má wá bí mo ṣe tò ó, bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ l'Óòjé, tí orí mi ṣì ń gbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ́ òwò tí Ìyá Sàró kọ́ mi l'Ékòó, arúgbó aláró kan gbé aṣọ wá. Mo ní, "Ẹ jókòó, mò ń bọ̀." Mo bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ sí Bẹẹrẹ, mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kejì mo bá a níbi tí mo fi í sí. Mo ní, "Ẹ̀yin Mama, ẹ kò lọ sílé ni?" Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n jókòó." Kò bú mi. Ó gbé aṣọ rẹ̀ lérí, ó lọ, kò sì sí aláró kan ní àdúgbò wọn tó tún bá mi tà títí mo fi lọ kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ mi, "mò ń bọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Má ṣe fi ẹnikẹ́ni sórí ìdúró tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ ọjọ́ tí o máa tú u sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, nítorí òun kò lè gbé aṣọ rẹ̀ lérí kó lọ.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìyìn. O rántí Ràbí tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ dá ju tèmi lọ. Mo ní bí mo bá yìn ín yóò gbéraga, mo ń dákẹ́, àwọn tí kò mọ nǹkan kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀, ó ní, "Mo rò pé iṣẹ́ mi kò dára ni, Ìyá, torí ẹ kò sọ nǹkan kan rí." Bí mo ṣe pàdánù ẹni tí ì bá máa bá mi mójú tó ìsọ̀ kejì nìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe máàkì, Àlàó. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, ya ẹnu rẹ kí o sọ ọ́ kí ó gbọ́. Ìwọ ń ṣílẹ̀kùn fún òpè, o wá ti ọlọ́gbọ́n mọ́ta. Irú òwò wo nìyẹn?

Má jẹun nílé òbí akẹ́kọ̀ọ́ kí o tó ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn ìdánwò, jẹ ohun tó bá wù ọ́.

Fẹ́ ìyàwó. Ìyẹn náà á dúró ná.

Ó sì ku èyí tó tóbi jù. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe pa á dé. Bí àwọn eléégún bá jáde, kò sí ẹni tó máa fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ọjà pé agogo ti dún, kí kálukú máa lọ sílé. A ó sìn wọ́n padà. Bí o bá gbé ọ̀rọ̀ òkú sí ọmọ ènìyàn lẹ́nu kí o lè mọ̀ bóyá ó yé e, ó di dandan kí o gbà á padà lẹ́nu rẹ̀. Pe orúkọ tirẹ̀ kí o sì fi oríkì rẹ̀ kún un, kí ó mọ̀ pé òun ti dé. Ka apá tó kù. Ìyá inú eré yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù ọ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin wá kàn.

Ní ọjọ́ kejì tí mo lọ sí Bẹ́yẹrúnkà, mo ní kí Yésúfù tẹ̀lé mi lọ sí ilé ìwé. Èrò mi ni pé màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ katikíìsì, màá wọ inú kíláàsì, màá bi ọmọ náà pé ta ni, màá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á parí, màá sì padà sí ìsọ̀ kí oòrùn tó yẹ̀ lórí. Bí mo ṣe ń ṣe nǹkan mi nìyẹn.

Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Ìsinmi ni, kò sí ẹnikẹ́ni ní ọgbà. Òkè Mápó dúró lẹ́yìn wa, àpáta rẹ̀ ń ràn, ariwo ọjà tó yẹ kí a máa gbọ́ láti ìsàlẹ̀ kò dé etí wa rárá. Katikíìsì gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó dúró sábẹ́ igi. Ó ní orúnkún ń dùn ún. Bí mo ṣe fẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, Yésúfù na ọwọ́ kọjá mi, ó kan ilẹ̀kùn.

Ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀ nínú, bí o ṣe máa ń wúkọ́ láti kékeré kí o tó bèèrè nǹkan. Ó wá ní, "Ta ni?"

Ohùn rẹ ni, Àlàó. Mi ò sọ pé ó jọ ọ́. Èmi ni mo bí ọ.

Mo ti la ẹnu láti dáhùn. Ọmọ náà di apá mi mú. "Ẹ má dá a lóhùn, Mama. Èmi ló ń bi." Ó wá fi ẹnu kan igi ilẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà: "Bàbá, èmi ni. Òtútù ń mú mi. Ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣáà dá mi lóhùn." Oòrùn ń ta wá lórí. Eyín ọmọ náà ń gbọ̀n.

Inú dákẹ́. Mo ti gbọ́ yàrá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń dákẹ́. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó ń dákẹ́ ló wà níbẹ̀.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo ti ilẹ̀kùn. Bẹ́ǹṣì tò sára ògiri, kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì láti inú. Lára pátákó dúdú, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà: TA NI Ó WÀ NÍTA? Ìkọ̀wé rẹ ni. Katikíìsì wọ́ orúnkún rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní òun fọwọ́ ara òun pa pátákó yẹn rẹ́ lọ́jọ́ tí o lọ, òun sì tún pa á rẹ́ lẹ́yìn náà.

Mi ò sọ pé iwin ni, mi ò sì sọ pé iwin kọ́. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo kọ. Mo dúró láàárín kíláàsì, mo pariwo, "Mo gbọ́ ọ, Yésúfù Àkàndé! Wọlé o!" Ó mi orí lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mama. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́." Ó wá wúkọ́, ó wúkọ́ títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Alágbo tí ìyá rẹ̀ pè ní bí ọmọ yẹn bá tún sùn níta nígbà tí òjò ńlá bá dé, àgbo òun kò ní ràn án mọ́, òun kò sì ní dá owó ẹnikẹ́ni padà. Òjò ńlá kò ní pẹ́ dé. Mo ti rí àwọsánmà lójú Òkè Mápó lówùúrọ̀ yìí.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Wọ rélùwéè wá. Kí o wà ní kíláàsì yẹn lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ti bá katikíìsì sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣí, gba ibẹ̀ wọlé bí o ṣe gba ibẹ̀ jáde. Èmi àti Ìyá Yésúfù á mú ọmọ náà wá sí iwájú. Yóò kan ilẹ̀kùn. Bi í bí o ṣe bi í. Nígbà tó bá sọ tirẹ̀ tán, má dákẹ́. Sọ pé, "Mo gbọ́ ọ, Yésúfù Àkàndé." Ṣílẹ̀kùn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, fà á kọjá ẹnu ọ̀nà, jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, kí o sì ka apá tó kù nínú eré náà fún un títí dé òpin. Sọ máàkì rẹ̀ fún un lójú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ ara rẹ pa pátákó yẹn rẹ́.

Bí ọ̀gá rẹ bá ní ó ti yá jù láti gba àyè, sọ fún un pé ìyá rẹ ló ń pè ọ́. Bí ó bá bi ọ́ bóyá ara mi kò yá ni, sọ pé ara mi yá, inú ló ń bí mi. Bí o kò bá dé, ọmọ náà kò ní wọ rélùwéè, nítorí rélùwéè náà ní ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn. Èmi àti òun á jọ kan ilẹ̀kùn kíláàsì tuntun rẹ níwájú àwọn tó fi ọ́ ṣe olùkọ́ àgbà, kí wọ́n gbọ́ bí o ṣe máa ń bèèrè.

Ohun kan ló kù. Lánàá ní ọ̀sán gangan, mo jókòó níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé wa. Ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Mama, èmi ni." Mo ti dìde, mo ti na ọwọ́ sí igi ìdábùú, kí n tó rántí pé Abẹ́òkúta lo wà. Mi ò ṣí i. Mi ò bi í pé ta ni. Mo fi ẹnu kan ara igi bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, mo ní, "Mo gbọ́ ọ. Jókòó tì wá." Kò tún sọ nǹkan kan.

Àlàó mi, nígbà tí o bá dé lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ bá parí ní ilé ìwé, tí o bá ń bọ̀ nílé, má kan ilẹ̀kùn, má sì pè mí láti ìta. Màá ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Wọlé tààrà, dúró síwájú mi, kí n rí ojú rẹ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ.

Sátidé ni mo wí. Kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ìyá rẹ ni.